Tíṣà ìjọba: ọjọ́ wo lẹ máa fẹ̀yìn tì, owó wo ló sì tọ́ sí yín?

Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Òfin kan ló sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin kejì ló sọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò owó yín, ìgbà tí ọwọ́ yín lè tẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí yóò san án. Nígbà tí ìjọba fi ọdún márùn-ún kún iye ọdún tí tíṣà lè lò lẹ́nu iṣẹ́, òfin àkọ́kọ́ nìkan ló yí padà. Ìṣirò owó kò kúrò níbi tó wà. Fún àwọn olùkọ́ kan, ọdún márùn-ún yẹn mú owó pọ̀ sí i gan-an. Fún àwọn mìíràn, díẹ̀ ló fi kún un. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí a bá dé ibi ìṣirò.

Ọdún 65 tàbí ọdún 40

Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ Nàìjíríà di ọ̀kan náà. Òfin náà kò gùn rárá. Ó ní dandan ni kí olùkọ́ fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 65, tàbí nígbà tó bá lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Ó tún ní ìlànà iṣẹ́ ọba tó ń lé òṣìṣẹ́ lọ sílé ní ọmọ ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ kò kan olùkọ́ mọ́.

Gbólóhùn náà, "èyí tó bá kọ́kọ́ dé", ni kí ẹ dì mú. Kò sí pé ẹ fẹ́ yan èyí tó wù yín. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ èyí tó kan yín lójú ẹsẹ̀: 65 yọ 40, ó ku 25. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó tó pé ọmọ ọdún 25, ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ká a mọ́. Ẹni tó ti kọjá ọmọ ọdún 25 kí ó tó wọṣẹ́, ọjọ́ orí ni yóò kọ́kọ́ dé bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lábẹ́ ìlànà àtijọ́, nítorí 60 yọ 35 ku 25 pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà méjì ṣe àpẹẹrẹ. Tíṣà àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1966 ni wọ́n bí i, ó sì wọṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ọmọ ọdún 65 rẹ̀ yóò pé ní oṣù Kẹta ọdún 2031, ṣùgbọ́n ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ yóò pé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2030. Ọjọ́ yẹn ni yóò lọ. Ká ní ìlànà àtijọ́ ló ṣì wà ni, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ì bá ti lọ.

Tíṣà kejì, ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1970 ni wọ́n bí i, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ló sì wọṣẹ́, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 34. Ọdún 40 rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní pé títí di ọdún 2044, ṣùgbọ́n ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2035 ni yóò pé ọmọ ọdún 65. Ọjọ́ náà ni yóò lọ, ọdún 30 àti oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni yóò sì ti lò. Ẹni yìí kò lè sọ pé òun kò tíì lo ọdún 40.

Ohun mẹ́ta wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ nípa òfin yìí.

Àkọ́kọ́, olùkọ́ ni òfin náà dárúkọ. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, bọ́sà, awakọ̀, ọlọ́dẹ àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tí kì í kọ́ ọmọ níwèé kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 60 tàbí 35 ṣì ni tiwọn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ gba ìyípadà kúrò ní kíláàsì lọ sí ipò mìíràn ní iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó fáìlì rẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn lórí ìwé: lábẹ́ ìlànà wo ni yóò wà lẹ́yìn ìyípadà náà? Kí ó béèrè kí ó tó gba ipò náà o.

Èkejì, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ló ń sanwó fún àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi òfin tàbí sákúlà tirẹ̀ gba ọdún 65 àti 40 wọlé. Ẹ gba ẹ̀dà sákúlà ìpínlẹ̀ yín. Nǹkan méjì ni kí ẹ wò nínú rẹ̀: déètì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àti irú òṣìṣẹ́ tó dárúkọ. Ẹni tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lábẹ́ ìlànà àtijọ́ ti kọjá kí déètì yẹn tó dé kò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn rédíò dúró sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, òpin ni ọdún 65 àti 40. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí ẹ lò wọ́n tán. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ọdún 35, tàbí ní ọmọ ọdún 60, tàbí kó tó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, lè kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì àtinúwá.

Ètò owó wo lẹ wà?

Ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n níbẹ̀ lóṣooṣù, tí ẹ sì ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN tí nọ́ńbà 12 tẹ̀ lé e, ètò àjọdá lẹ wà: ẹ̀yin ń dá, ìjọba ń dá, owó náà sì ń lọ sínú àpò tí ó jẹ́ tiyín, èyí tí wọ́n ń pè ní RSA. Bí wọn kò bá yọ kọ́bọ̀ fún pẹ́ńṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò àtijọ́ lẹ wà, níbi tí ìjọba nìkan ti ń san gratuity (owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìfẹ̀yìntì) àti pẹ́ńṣọ̀n láti inú owó ìlú.

Ètò àjọdá bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2004. Òfin ọdún 2014 ló rọ́pò rẹ̀, òun náà ló sì wà títí di òní, àjọ PenCom ló ń ṣe àbójútó rẹ̀. Àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2007, àjọ LASPEC ló sì ń bójú tó o. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti bá wọn dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní Èkó gbà ṣírò tiyín ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́.

Ìṣirò ètò àtijọ́

Ọdún mẹ́wàá ni ẹnubodè pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni tí kò bá lo ọdún márùn-ún kò ní nǹkan kan láti gbà. Ẹni tó lo ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án yóò gba gratuity nìkan, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọdún mẹ́wàá sókè, gratuity àti pẹ́ńṣọ̀n oṣooṣù ló tọ́ sí i, ṣùgbọ́n pẹ́ńṣọ̀n náà kì í bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 45.

Owó oṣù ìkẹyìn ni wọ́n ń fi ṣírò: wọ́n á sọ ọ́ di owó ọdún kan, wọ́n á sì yọ ìdá tó bá iye ọdún iṣẹ́ mu. Ní ọdún mẹ́wàá, gratuity jẹ́ ìdá 100 nínú 100 owó ọdún náà, pẹ́ńṣọ̀n ọdọọdún sì jẹ́ ìdá 30. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá gorí rẹ̀ ń fi 8 kún gratuity, ó sì ń fi 2 kún pẹ́ńṣọ̀n. Bó ṣe lọ nìyí:

Ọdún 10: gratuity 100, pẹ́ńṣọ̀n 30
Ọdún 15: gratuity 140, pẹ́ńṣọ̀n 40
Ọdún 20: gratuity 180, pẹ́ńṣọ̀n 50
Ọdún 25: gratuity 220, pẹ́ńṣọ̀n 60
Ọdún 30: gratuity 260, pẹ́ńṣọ̀n 70
Ọdún 35: gratuity 300, pẹ́ńṣọ̀n 80

Ká ní owó ọdún kan tíṣà jẹ́ ₦1,800,000. Lẹ́yìn ọdún 30, gratuity rẹ̀ yóò jẹ́ ₦4,680,000. Pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ ₦1,260,000 lọ́dún, ìyẹn ₦105,000 lóṣù. Lẹ́yìn ọdún 35, gratuity di ₦5,400,000, pẹ́ńṣọ̀n sì di ₦120,000 lóṣù.

Ibi tó yẹ kí ẹ wò dáadáa nìyí: tábìlì náà dúró sí ọdún 35. Ẹ padà wo àwọn tíṣà wa méjì. Èyí tó wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 24 ti dé 300 àti 80 ní ọdún 2025. Ọdún márùn-ún tí òfin tuntun fún un kò fi ìdá kankan kún un mọ́. Ohun tó kù tó lè mú owó rẹ̀ lọ sókè ni kí owó oṣù rẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i, nípa ìgbéga, step tuntun tàbí àfikún owó oṣù gbogboogbò. Gbogbo ₦100,000 tó bá gorí owó ọdún rẹ̀ yóò fi ₦300,000 kún gratuity àti ₦80,000 kún pẹ́ńṣọ̀n ọdọọdún. Bí ó bá ti dé level tó ga jù tí olùkọ́ lè dé, tí kò sì sí step mọ́, àfikún gbogboogbò nìkan ló kù tó lè retí.

Tíṣà kejì yàtọ̀. Ká ní ọmọ ọdún 60 ló fi lọ ni, ọdún 25 ló máa lò, ìdá 220 àti 60. Ní ọmọ ọdún 65, ọdún 30 ni, ìdá 260 àti 70. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wọṣẹ́ ni òfin tuntun ṣe lóore jù. Kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tó sì ti rẹ̀ má kàn dúró nítorí pé òfin gbà á láyè. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní kùtùkùtù náà ní tirẹ̀ láti ṣọ́. Bí tíṣà bá wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 23 tó sì lọ ní 35, ọdún 12 ló lò: gratuity 116, pẹ́ńṣọ̀n 34. Gratuity tọ́ sí i nígbà tó lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni yóò fi dúró de pẹ́ńṣọ̀n. Kí lẹ́tà rẹ̀ sì sọ kedere pé ìfẹ̀yìntì àtinúwá ni. Lẹ́tà tó kàn sọ pé òun "kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀" máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwà àìtọ́ ńlá máa ń pàdánù gratuity àti pẹ́ńṣọ̀n lábẹ́ ètò àtijọ́. Owó tó ti wọ RSA kò sí nínú èyí. Ti ẹni tó ni ín ló jẹ́.

Ìṣirò ètò àjọdá

Níbí, iye tó wà nínú àpò ni yóò sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, ìjọba sì ń dá ìdá 10. Owó oṣù tí a ń sọ gbọ́dọ̀ ní owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ nínú. Lórí ₦150,000, ẹ̀yin á dá ₦12,000, ìjọba á dá ₦15,000, àpapọ̀ ₦27,000. Ọdún márùn-ún àfikún lórí owó yẹn jẹ́ ₦1,620,000, èrè kò tíì sí nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé lábẹ́ ètò yìí, kò sí ọdún 35 tí ìṣirò ti ń dúró. Gbogbo oṣù tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ló ń fi nǹkan kún àpò.

Ìlànà gbígbà owó náà yàtọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yín nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ẹ bá pé ọmọ ọdún 50, èyí tó bá kẹ́yìn nínú méjèèjì. Ẹ ṣàkíyèsí pé òdì-kejì "èyí tó bá kọ́kọ́ dé" ni. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 50, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Ìyókù di ọmọ ọdún 50. Ẹni tí àìsàn tó le mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn dókítà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kò ní láti dúró de 50.

Nígbà ìfẹ̀yìntì, ẹ lè gba owó ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó bá ṣáà ti wù yín. Ohun tó kù nínú àpò gbọ́dọ̀ tó láti san owó tí kò dín ní ìdajì owó ọdún yín ìkẹyìn fún yín lọ́dọọdún. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín olùfẹ̀yìntì àti PFA, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó RSA rẹ̀, nìyí: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ lọ sókè gan-an ní ìparí, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá owó kékeré, yóò rí i pé owó ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fún òun kéré. PFA kò fi ọgbọ́n jẹ ẹ́ níyà. Ìlànà ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìyókù owó, ọ̀nà méjì ló wà láti gbà á. Ẹ lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ PFA kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni náà bá kú, ohun tó kù di ti àwọn àjogún rẹ̀. Tàbí kí ẹ fi ra ohun tí wọ́n ń pè ní annuity lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò, tí yóò máa san iye kan fún yín títí ọjọ́ ayé. Bí ẹni náà bá kú kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn àjogún rẹ̀ ni yóò gba ti ìyókù ọdún mẹ́wàá náà. Ẹ lè kúrò ní ti PFA lọ sí annuity bó bá yá. Ẹ kò lè kúrò nínú annuity padà sọ́dọ̀ PFA. Bí ẹnì kan láti iléeṣẹ́ adójútòfò bá ń sá tẹ̀ lé yín kiri níbi ìpàdé ìmúrasílẹ̀, ẹ gba ìwé rẹ̀ kí ẹ lọ kà á nílé.

Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ètò àjọdá tó bẹ̀rẹ̀ ní owó kẹta: ẹ̀tọ́ ọdún tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀. Ìjọba ló ń san èyí sínú RSA nígbà ìfẹ̀yìntì, láti inú àpò tó yẹ kó máa kó ìdá 5 nínú 100 gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sí. Nígbà tí ìjọba kò bá kó owó yẹn sí i, owó olùfẹ̀yìntì á dúró. Òun ló fà á tí àwọn kan fi ń lo oṣù gbọọrọ tàbí ọdún nílé kí wọ́n tó gbà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdì ₦758 bílíọ̀nù láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ fi owó oúnjẹ ọdún kan pa mọ́ lọ́tọ̀ kí ẹ tó lọ.

Àwọn ìwé tó ń dá owó dúró

Fáìlì ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n, kì í ṣe bí ẹ ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa tó. Ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ, ojúlówó àti fọ́tòkọ́pì mẹ́ta mẹ́ta: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé tó fi hàn pé ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́tà tó fìdí yín múlẹ̀, gbogbo lẹ́tà ìgbéga láìfo ọ̀kan, lẹ́tà ìyípadà bí ẹ bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba kan bọ́ sí òmíràn, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí tíṣà láti TRCN (àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀), NIN, BVN, àti ìwé owó oṣù ìkẹyìn. Fún ìjọba àpapọ̀, PenCom tún máa ń fẹ́ mọ level àti step yín ní oṣù Kẹfà 2004, oṣù Kìíní 2007 àti oṣù Keje 2010. Ìwé owó oṣù àwọn ìgbà yẹn ṣòroó rí báyìí, nítorí náà ẹ tètè wá a.

Ọjọ́ ìbí ló ń fa wàhálà jù. Déètì tí ẹ kọ nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ ni ìjọba mọ̀, òun ni wọ́n á sì fi ṣírò. Àfidáfìtì tuntun tí ẹ ṣe ní kóòtù ní ọdún tó kọjá láti dín ọjọ́ orí kù kò ní yí i padà; ó tilẹ̀ lè dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe òdì-kejì wà pẹ̀lú: akọ̀wé lè ti kọ 1965 dípò 1966 sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ sí i. Ẹ béèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín nísinsìnyí, kí ẹ fi wé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti tún ṣe bí ó bá ku ọdún mẹ́ta. Ó le gan-an nígbà tí orúkọ yín bá ti jáde nínú àwọn tó ń lọ.

Orúkọ náà ńkọ́? Obìnrin tó wọṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó ń gba owó oṣù pẹ̀lú orúkọ ọkọ, tí NIN rẹ̀ sì to orúkọ náà lọ́nà mìíràn, ti di ẹni mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹ tún NIN ṣe ṣáájú, lẹ́yìn náà BVN, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ PFA fún àtúnṣe àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí PFA, wọ́n á dá yín padà, nítorí NIN ni wọ́n ń fi yẹ̀ yín wò.

Ọdún iṣẹ́ tí kì í wọ ìṣirò náà wà. Ọdún tí ẹ fi jẹ́ tíṣà tí ẹgbẹ́ òbí ń sanwó fún, tàbí tí ẹ fi wà lábẹ́ N-Power, kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, ìyípadà ní láti wà lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó so ọdún méjèèjì pọ̀. Ẹni tó kọ̀wé fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ tó wá gba iṣẹ́ tuntun lè rí i pé láti ọjọ́ tó wọ iṣẹ́ kejì ni wọ́n ń ka tirẹ̀.

Fún ẹni tó wà nínú ètò àjọdá, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ RSA lọ́wọ́ PFA, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ kó owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ó san owó oṣù, ó sì fi owó ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣù lé ohun tí kò bá san. Síbẹ̀, àwọn ìjọba kan ń yọ owó náà kúrò lórí owó oṣù, wọn kò sì kó o ránṣẹ́. Ẹ kọ oṣù tó sọnù sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí PFA àti NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà. Ẹnì kan tó ń dá kígbe kì í rí ìdáhùn. Ìwé tí tíṣà ogún fọwọ́ sí pẹ̀lú oṣù àti iye owó lára rẹ̀ ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún tó gbẹ̀yìn

Bí ohun tó kù fún yín kò bá tó ọdún mẹ́ta, ìlànà tó gba ènìyàn láyè láti fi ìdá 25 nínú 100 owó RSA san owó àkọ́kọ́ lórí ilé tó fẹ́ rà kò kan yín mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ẹ ti ṣe é ṣáájú.

Bí ó bá ku ọdún kan, ẹ yẹ orúkọ yín wò nínú ìwé àwọn tó ń lọ. Ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ dá lórí ẹni tó gbà yín síṣẹ́: fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, SUBEB (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) àti ìgbìmọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ìjọba ìbílẹ̀, fún girama ìpínlẹ̀, TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tíṣà girama, tàbí ohun tí ìpínlẹ̀ yín ń pè é. Fún ìjọba àpapọ̀, ẹ ṣe ìforúkọsílẹ̀ olùfẹ̀yìntì ti PenCom ní ọdún tí wọ́n pè yín. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ á dúró de ìgbà mìíràn, ẹ̀tọ́ ọdún àtijọ́ rẹ̀ á sì dúró pẹ̀lú.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ kọ lẹ́tà ìfitónilétí. Oṣù àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmúrasílẹ̀, méjì tó kù wà fún títo ìwé. Ẹ san gbèsè kọpuréètìfù tàbí kí ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ gbèsè. Ẹ dá ohun ìní ilé ẹ̀kọ́ padà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣe dúró kọjá ọjọ́ yín, bí pirinsípà tilẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ parí sáà. Owó oṣù tí ẹ bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú gratuity, iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò sì ní wọ ìṣirò. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ dúró gan-an, kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà iṣẹ́ àdéhùn láti ọwọ́ ẹni tó láṣẹ.

PenCom, PTAD (àjọ tó ń san pẹ́ńṣọ̀n ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀) tàbí ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n ìpínlẹ̀ kì í gba owó kí wọ́n tó ṣe fáìlì. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí gratuity yín tètè jáde, tàbí tó béèrè nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí yín, olè ni.

Bí ikú bá dé, àti lẹ́yìn tí owó bá bẹ̀rẹ̀

Lábẹ́ ètò àtijọ́, bí tíṣà bá kú lẹ́nu iṣẹ́, gratuity rẹ̀ tọ́ sí àwọn àjogún, pẹ̀lú pẹ́ńṣọ̀n ọdún márùn-ún. Bí ó bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n á gba ti ọdún tó kù. Lábẹ́ ètò àjọdá, owó RSA ni, pẹ̀lú owó ìdójútòfò ẹ̀mí tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti rà, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ̀ pé owó ìdójútòfò yìí wà, nítorí náà wọn kì í béèrè rẹ̀.

Orúkọ tí ẹ kọ sí àyè àjogún ní ọdún 1995 lè jẹ́ ti ìyá yín tó ti di olóògbé. Ẹ yí i padà ní fáìlì àti lọ́dọ̀ PFA. Ìwé ìhágún tàbí ìwé ìṣàkóso ogún láti kóòtù gíga ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ìhágún tó ti wà nílẹ̀ dín ìdúró àti ìjà ẹbí kù.

Lẹ́yìn tí pẹ́ńṣọ̀n bá bẹ̀rẹ̀, òfin ìlú ní kí wọ́n máa tún un wò ní ọdún márùn-márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá yí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìjọba á sì máa yẹ̀ yín wò láti mọ̀ pé ẹ ṣì wà láàyè. Àwọn olùfẹ̀yìntì ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ń fi fóònù ṣe é lọ́dọ̀ PTAD. Nínú ìpínlẹ̀ kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi ara yín hàn. Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, wọ́n á dá owó dúró. Ẹni tó bá lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun kí ó kọ́kọ́ béèrè bí àwọn tó wà lẹ́yìn odi ṣe ń ṣe tiwọn, kí ó sì fi nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó wọ bàálù.